Àkísà Pupa Lórí Adágún Tuurajärvi

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá

Yìnyín ti bo adágún. Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ogun ti parí. Mo rìn láti èbúté mi títí dé erékùṣù Honkasaari, mo yí padà, mo gbé fìlà mi sókè kí àwọn tó dúró létí omi lè rí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Kalevi Pursiainen, tó ń pín lẹ́tà ní abúlé wa, ní òun ò nílò rédíò fún ìròyìn ojú ọjọ́ níwọ̀n ìgbà tí Taavetti Ruuskanen bá ṣì ní ẹsẹ̀ méjì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.

Ilé ìwé ọdún méjì péré ni mo lọ, gègé sì wúwo lọ́wọ́ mi ju àáké lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí mo jókòó sí tí mò ń kọ̀wé yìí, èmi ni mo gé igi rẹ̀, èmi ni mo là á sí pákó, nínú ilé ìlagi tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Àwọn tó kàwé ló ń wá ra pákó lọ́dọ̀ mi.

Impi Tolvanen, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, kọjá lórí yìnyín pẹ̀lú ọ̀pá irin rẹ̀. Kàn, kàn, kàn, ó ń gún yìnyín wò kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lójú ibi tí èmi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn kọjá. Mo nahùn sí i pé, "Impi, ilẹ̀kùn ta lò ń kàn níbẹ̀ yẹn? Kò sẹ́ni nílé o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Baálé. Kì í ṣe ilẹ̀kùn yín."

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òtútù dáa. Mo gbé ẹja háúkì mẹ́ta lórí ìwọ̀ láàárọ̀, ìkan nínú wọn gùn ju apá mi lọ, ẹnu rẹ̀ kún fún eyín bí ayùn. Àwọn ọmọ ìlú ńlá ń fi ọ̀pá olówó ńlá àti ẹja irin aláwọ̀ mèremère tan háúkì. Èmi, ẹja wẹ́wẹ́ ààyè, okùn, àti ẹ̀ka igi tí mo tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ihò tí mo gbẹ́ sínú yìnyín pẹ̀lú àkísà pupa lórí rẹ̀, ó tó mi. Bí háúkì bá ti gbé e, ẹ̀ka á nà, àkísà á dìde. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ni mo ti ń rí i. Mo lè mu kọfí mi tán kí n tó lọ gbé e.

Mo kan orí èyí tó gùn mọ́ ògiri àká lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Ògiri náà ti ń kún. Ọba wọn ṣì ni èyí tó wà láàárín, tí mo pa lọ́dún tó kọjá, tí ẹnu rẹ̀ lè gba orí ajá. Ìṣó méjì tí Hilja ìyàwó mi fún mi nígbà Kérésì ni mo fi kàn án mọ́bẹ̀. Ìṣó ìgbàlà ni ó pè é: igi ìdìmú méjì, ìṣó kọ̀ọ̀kan lẹ́nu wọn, okùn láàárín, kí èèyàn gbé e kọ́rùn, kó lè fi gún yìnyín bó bá jìn sómi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìṣó yọ, mo fi kan orí háúkì. Ìṣó gidi ni, kò tíì dógùn-ún. Hilja fi igi méjèèjì àti okùn wọn kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà dòní.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá

Kọfí tún ti gbówó lérí. Hilja ní a ó máa fi omi púpọ̀ là á láti ìsinsìnyí lọ. Mo sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé kó má ṣèyọnu nípa oúnjẹ Kérésì àwọn arúgbó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ kejìlélógún. Ẹja ọwọ́ mi ni, bíi ti àtẹ̀yìnwá, kó má sì bi mí ní iye rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má tún sọ ọ́ mọ́.

Láàárọ̀ àná mo dẹ ìwọ̀ méjìlá láti erékùṣù títí dé ìtòsí ẹnu odò. Atẹ́gùn tó móoru ti yí wá láti gúúsù láti ìjẹta, òjò dídì rọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yìnyín bí aṣọ ìbùsùn. Ẹnu odò, omi ń ṣàn lábẹ́ ibẹ̀, yìnyín kì í nípọn. Èmi gan-an ni mo máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́dọọdún tí mò ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má débẹ̀. Mo gba ibẹ̀ bọ̀ wálé nítorí pé ó yá. Mo ti gbàgbé pé mi ò fúyẹ́ tó ọmọ ilé ìwé.

Yìnyín ò tilẹ̀ ké. Ó kàn là. Omi dé àyà mi, ó dé ọrùn mi, bàtà mi kún. Mo fọwọ́ lé etí yìnyín, ó ń yọ̀, ó ń ya mọ́ mi lọ́wọ́. Èékánná mi ò rí nǹkan dì mú. Mo kígbe. Èmi Taavetti Ruuskanen, mo ké pe ìyá mi, ìyá tó ti wà nínú sàréè kí n tó hu irùngbọ̀n.

Impi ló wà nítòsí, ó ń yẹ àwọ̀n rẹ̀ wò. Kò sáré. Ó dojú bolẹ̀ lórí yìnyín, ó ń fà bọ̀ nílẹ̀ bí alángbá, ó bọ́ ìṣó ìgbàlà tirẹ̀ lọ́rùn, ó jù ú sí mi. Ó ní, "Ẹ gún un. Ẹ gún un, kí ẹ fà." Mo gún un. Ó na ọ̀pá irin sí mi, mo dì í mú, mo jáde bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ó gbé mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ orí yìnyín rẹ̀, èyí tó fi máa ń ti àpò ànàmọ́, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ bò mí, ó ń tì mí lọ. Nígbà tí a sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ẹ̀yìnkùlé. Ó yà. Títí a fi délé, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí n máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Hilja dáná sáúnà, yàrá ooru tí a fi ń wẹ̀, ó bọ́ bàtà mi, ó rí i pé omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó da omi náà síta, ó gbé bàtà sítòsí iná. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ní abúlé. Ìwọ̀ mi méjìlá wà níta lórí yìnyín.

Ọjọ́ kẹfà

Hilja tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé nítorí àjọ̀dún òmìnira ilẹ̀ wa, bí gbogbo ilé ti ṣe. Mo ń wo ìta láàárín àbẹ́là méjèèjì, ni mo rí i tí àkísà kan dìde lápá erékùṣù.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Òtútù ti padà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí èbúté. Yìnyín ibẹ̀ nípọn tó láti gbé ẹṣin, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́. Adágún kùn lábẹ́ mi bí akọ màlúù, bó ti máa ń kùn tí òtútù bá mú gan-an, ohùn tó máa ń dùn mọ́ mi, tí mo máa ń sọ fún àwọn àlejò pé adágún ń kí mi. Mo rí ara mi tí mo di igi èbúté mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni rí mi. Mo sọ fún Hilja pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Àkísà mẹ́ta ti dìde. Háúkì mẹ́ta wà lórí okùn mi, wọ́n ń yí po lábẹ́ yìnyín. Mo ti na ọkùnrin rí létí omi yìí nítorí pé ó fi ẹja sílẹ̀ lórí ìwọ̀ títí ó fi kú. Mo ní ẹni tí kò lè gbé ìwọ̀ rẹ̀ kó má dẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ ra ṣúgà àti ìyẹ̀fun. Kalevi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò lẹ́tà kọ́ apá. Ó ní, "Baálé, àkísà yín ti dìde láti bí ọjọ́ mélòó kan o. Ṣé ojú ò ríran mọ́ ni?" Gbogbo wọn yí sí mi. Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ohun tó jáde yàtọ̀. Mo ní ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ò mọ nǹkan kan. Mo ní mò ń jẹ́ kí wọ́n pọ́n ni. Mo ní bí háúkì bá pẹ́ lórí ìwọ̀ nínú òtútù, ara rẹ̀ á balẹ̀, òórùn ẹrẹ̀ á kúrò lára rẹ̀, ẹran rẹ̀ á le dáadáa. Bàbá mi ló kọ́ mi, mo ní.

Bàbá mi ò pa háúkì kan rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ bàtà ló ń ṣe.

Wọ́n ń mi orí pé òótọ́ ni. Kalevi la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Ọjọ́ kọkànlá

Impi wá mu kọfí. Hilja gé búrẹ́dì dúdú fún un, ó sì rántí pé òun ní iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ màlúù. Àwa méjì ni a jókòó.

Impi ní, "Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ yín kọjá lójoojúmọ́, Baálé. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ìwọ̀ ẹlòmíràn ní Tuurajärvi, ebi ì báà pa á kú. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí kí wọ́n tó bí wa.

Ó ní, "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún mi, màá gbé e fún yín. Mi ò ní bi yín nídìí rẹ̀."

Mo wo ọ̀pá irin rẹ̀ tó gbé ti ara ògiri, mo rántí bí mo ti fi í ṣẹlẹ́yà. Mo ní màá lọ gbé e lọ́la. Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ kejìlá

Mi ò lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òtútù ìwọ̀n méjìlélógún lábẹ́ òdo. Àkísà tó dìde lórí ìwọ̀ mi ti di mẹ́fà. Nígbà tí mo wo apá ìwọ̀ oòrùn, mo rí àkísà mìíràn tó dìde, aláwọ̀ búlúù, ti Kalevi. Ó ti dìde láti àná. Mo gbé awò awọ̀nà jíjìn. Kalevi ń fi kẹ̀kẹ́ orí yìnyín rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pín lẹ́tà, ó wo àkísà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

Ó ń jẹ́ kó pọ́n.

Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Hilja ní kí n jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yìn náà. Bó ṣe sọ "ẹ̀yìn náà", mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Kalevi wá sí sáúnà wa bó ti máa ń ṣe. A jókòó nínú ooru, ó da omi sórí òkúta gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ bẹ ọ̀gá rẹ̀, pé òun gbé ìwọ̀ òun lánàá. Háúkì méjì. Àwọn ẹja mìíràn ti jẹ inú ìkan tán, èkejì rọ̀ bí búrẹ́dì tó rẹ sómi, ìyàwó òun sì da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ó ní, "Baálé, ibo ni mo ti ṣì í ṣe? Ṣé ọjọ́ ló pọ̀ jù ni, àbí ìjẹ ni kò dáa?"

Kò fura sí mi rárá. Ara rẹ̀ ló ń fura sí. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ okùn. Okùn, mo ní. Mo jókòó ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin tí mo mọ̀ láti kékeré, mo sì tún purọ́ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á ra okùn tó nípọn.

Ọjọ́ ogún

Ìyàwó pásítọ̀ ránṣẹ́ pé ìkòkò ti wà nílẹ̀, pé ìgbà wo ni kí wọ́n máa retí ẹja Taavetti. Mo wọ ẹ̀wù, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ wò bóyá wọ́n ní ẹja tó ti dì láti ìlú Kuopio. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti já sí.

Àwọn èèyàn pọ̀, torí Kérésì. Impi wà nídìí ìyẹ̀fun. Kalevi dúró lẹ́nu káńtà, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí háúkì pọ́n, pé okùn tó nípọn ni àṣírí rẹ̀, pé èèyàn méjì mìíràn ní abúlé náà ti ń dán an wò. Nígbà tó rí mi, ó yà kúrò lọ́nà fún mi. "Ẹ bi Baálé. Àwọn ló ni ọgbọ́n náà."

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Bóyá yíyà tó yà fún mi yẹn ni.

Mo ní, "Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, Kalevi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo jìn sómi lẹ́nu odò lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí. Impi ló fà mí jáde. Láti ọjọ́ náà mi ò lè tẹ yìnyín mọ́, mo sì ń purọ́ fún yín."

Mo yí sí Impi, mo ṣí fìlà mi.

"Impi, jọ̀ọ́, bá mi gbé ìwọ̀ mi."

Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Ó ní, "Méjìlá ni, Baálé. Ọwọ́ méjì ni mo ní. Ẹ ó bá mi lọ."

Kalevi ti jókòó sórí àpò ṣúgà. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé, "Mo ti kọ́ àna mi ní Kuopio." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo wọn sì gbà á. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín náà títí mo fi délé. Mi ò ra ẹja.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo jí, mo lọ sí àká pẹ̀lú ẹ̀mú. Orí háúkì ńlá náà ti gbẹ mọ́ ògiri, ó gbà mí ní àsìkò díẹ̀ kí n tó fa ìṣó méjèèjì yọ. Ó já bọ́ sílẹ̀, eyín rẹ̀ kan dá. Àyè rẹ̀ funfun lára pákó. Mo mú igi ìdìmú méjèèjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi òòlù dá ìṣó padà sínú wọn, mo gbé e kọ́rùn. Hilja wà nídìí iná. Ó tún okùn náà ṣe lẹ́yìn ọrùn mi níbi tó ti lọ́.

Bí ogún èèyàn ló dúró létí omi. Wọn ò pe ara wọn, wọ́n kàn wá, bí wọ́n ti máa ń wá wo bí mo ṣe ń kọ́kọ́ tẹ yìnyín. Kalevi náà wà níbẹ̀. Impi ò wo ẹnikẹ́ni. Ó na ìdí ọ̀pá rẹ̀ sí mi, mo dì í mú bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, a bọ́ sórí adágún. Nígbà tó bá fẹ́ gún yìnyín, ó máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, kàn, kàn, á tún na ìdí rẹ̀ sí mi. Adágún kùn lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Impi náà dúró, ó dúró títí, kò sọ pé kí n máa bọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ó yá."

Ihò ti dì, mo fi àáké là wọ́n. Ìwọ̀ mẹ́jọ ló gbé ẹja. Okùn kan já. Háúkì márùn-ún ti kú, ojú wọn ti funfun, nǹkan ti jẹ ikùn wọn. Mo gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo àwọn tó ń wò, mo tò wọ́n sórí òjò dídì, mi ò fi ẹ̀wù bò wọ́n. Impi ò ràn mí lọ́wọ́ níbi tìyẹn. Méjì ṣì wà láàyè. Èyí tó kẹ́yìn, nítòsí ẹnu odò, tóbi ju ọba ara ògiri lọ, ṣùgbọ́n ó ti rù, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta. Mo dojú bolẹ̀ láti gbé e. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo pa á, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á láti fi í yangàn.

Ẹja méjì ò lè tó àwọn arúgbó. Impi fi ẹja inú àwọ̀n tirẹ̀ kún un láì jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ kejìlélógún

Oúnjẹ náà dùn. Ìyàwó pásítọ̀ dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Taavetti Ruuskanen gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọdọọdún. Mo ní ẹja Impi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì jókòó. Kalevi jókòó sí òdìkejì tábìlì. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti àwo bọ́tà sí mi.

Nígbà tí a délé, orí háúkì tó rù yẹn wà nínú garawa lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo gbé e sí lánàá. Hilja bi mí bóyá màá kàn án sí àyè tó ṣófo lára ògiri.

Mo ní mi ò ní ìṣó.

Ó wo ọrùn mi, ó sì lọ gbé kọfí kaná.